Òòlù Tó Ń Kí Pákó

Nusaibah fi orúnkún ti fóòmù náà mọ́ ògiri, ó yọ ìṣó kan láàárín ètè rẹ̀, ó sì gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í gbá ìṣó lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣó tí a bá gbá lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ tó gbá a ni kò dá ara rẹ̀ lójú. Ó ti kọ́kọ́ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara ògiri yíká. Ara pákó yẹn ló ń kan fóòmù mọ́. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àyè tó kù, ó gé fóòmù mìíràn lórí ilẹ̀, ó sì tún padà sí ìdí ògiri. Àjákù tó ń bọ́ lára fóòmù kò fọ́n ká. Inú àpò kan tó so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ló ń kó wọn sí, nítorí pé ohun tó bá ṣì wúlò fún ìrọ̀rí kì í ṣe ìdọ̀tí.

Yàrá náà kò fẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni tẹ́lẹ̀, nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, nínú àdúgbò kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Ìdímù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláìtán ló gbà á, tó sọ ọ́ di sítúdíò tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba orin sílẹ̀. Híp-họ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ nínú orin náà: ìlù tó wúwo nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń sáré lókè bí ẹni tí ajá ń lé. Alhaji tó ni ilé, tó sì ń gbé òkè yàrá náà gan-an, ti fún Ọláìtán ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: bí ìlù bá tún jí òun lójú oorun ọ̀sán, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọláìtán wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè fi fóòmù bo ògiri. Wọ́n júwe Nusaibah fún un, obìnrin tó ń ṣe àga onífóòmù ní Ayọ̀bọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀.

Ohun tí Ọláìtán kò mọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ fi orin rẹ̀ ṣí yàrá náà lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn ìrun Ásárì, àbúrò Nusaibah ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Zikrullah ni orúkọ rẹ̀ nílé. Ẹnu-Abẹ ni àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí Ọláìtán wá bá Nusaibah ní Ayọ̀bọ̀ nítorí iṣẹ́ yìí, ó fi ọ̀rọ̀ náà yangàn: Ẹnu-Abẹ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọrin níbẹ̀, orin tó fi ki bàbá rẹ̀ tó ti kú. Nusaibah kò sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó bi í bí ògiri ṣe ga tó.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbé e wá. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀ láti ọdún Iléyá tó kọjá. Lọ́jọ́ náà, ní pápá kan ní Ìgándò, Zikrullah kọ orin náà lójú èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Oríkì bàbá wọn ni, Àjíṣafẹ́ káfíńtà, tó tò sórí ìlù híp-họ́ọ̀pù. Ìyá wọn, Mọ̀dínátù, jókòó níwájú. Nusaibah jókòó tì í. Wọ́n to gbohùngbohùn léra bí ẹni to àgbá epo. Nígbà tí orin dé ibi tí Zikrullah ti ń ka àwọn ọmọ, tó ní, “Nusaibah, àkọ́bí Àjíṣafẹ́,” Nusaibah dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó sì gba àárín àwọn àga sá jáde títí ó fi dé ojú títì. Gbogbo ojú ló rí i.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ń ki oríkì bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ a máa wú. Bó bá jókòó, á dìde. Bí kò bá lè dìde, á dáhùn. A kò rí ẹni tó ń di etí. Ẹni tó bá di etí sí oríkì ilé rẹ̀ ti sọ láìla ẹnu pé òun kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.

Zikrullah kò bá a jà. Ìbá sàn kó bá a jà. Ó kàn dákẹ́. Kò wá sí Ayọ̀bọ̀ mọ́. Ẹnu ìyá wọn ni ìkíni ń gbà. Ẹnu ìyá yìí kan náà ni Nusaibah ti gbọ́ pé ó ti yọ orúkọ òun kúrò nínú orin. Láti orí bàbá ló ń bọ́ sórí ara rẹ̀ báyìí, bí ẹni pé òun nìkan ni Àjíṣafẹ́ bí. Orin tí a bá kọ ní pápá, afẹ́fẹ́ a máa gbé e lọ. Èyí tí a bá gbà sílẹ̀, inú fóònù àwọn èèyàn ni yóò wà, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá sí mọ́. Bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ lónìí láìsí orúkọ Nusaibah, a jẹ́ pé kò sí i nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi gba iṣẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá. Ó fẹ́ bá Zikrullah sọ̀rọ̀ kí àkókò Ásárì tó pé.

Ohun tó fẹ́ sọ kò pọ̀. Etí rẹ̀ kò gba ariwo. Kì í ṣe pé ó dití. Àgbọ́jù ni tirẹ̀. Ohùn tí ẹlòmíràn ń fi etí gbọ́, eyín ni òun fi ń gbà á, àti egungun àyà, àti ẹ̀yìn ẹyinjú. Ẹ̀rọ ìlọta, fèrè ọkọ̀ àjàgbé, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí nígbà tí wáyà rẹ̀ bá ń han, gbogbo wọn ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ìlù híp-họ́ọ̀pù ni olórí wọn. Ariwo yòókù a máa dé, a sì máa kọjá. Ìlù yìí kì í kọjá. Etí kọ́ ló ń bá wọlé, tí ẹni ìbá fi dí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń bá wọlé. Ó ń gun egungun bọ̀, bó bá sì dé àyà, ó ń lu àyà láti inú bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iná yàrá a máa mọ́lẹ̀ jù, aṣọ a máa gún ara, òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ fóòmù a máa wọ agbárí. Ohun tí ẹlòmíràn ń jó sí nìyẹn.

Nígbà tó wà ní kékeré ní Ìkòtún, ó máa ń ké. Ó máa ń bo etí láàárín ọjà, níbi tí àwọn yòókù kò ti gbọ́ ohun tó tó bo etí fún. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Mọ̀dínátù rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ síbi tí wọn yóò ti máa pe ọmọ òun ní wèrè. Ó gbé e lọ bá ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní agboolé kan tí ọjọ́ lè ṣú láìsí ohun tó dún ju odó lọ. Kó tó padà sí Èkó, ó pa àṣẹ méjì fún un. Kò gbọdọ̀ bo etí lójú èèyàn mọ́. Kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin kì í fẹ́ obìnrin tó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Nusaibah pa àṣẹ náà mọ́. Nígbà tó jáde ìwé mẹ́fà, bàbá rẹ̀ lọ mú un padà wá sí Ìkòtún láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá ń kan igi àga, ọmọ ń fi fóòmù àti aṣọ wọ̀ ọ́. Zikrullah ti wà láyé nígbà náà, ó ti ń rìn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Nusaibah lọ sílé ọkọ, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, ó sì ń fi òwú dí etí lábẹ́ híjáàbù. Nọ́ọ̀sì kan tó rí òwú náà ti ṣàlàyé fún un pé àìsàn ni, pé òun nìkan kọ́ ló ní i, pé kò bá wèrè tan rárá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ti sọ ọ́ di agbéraga látọjọ́ pípẹ́, nítorí pé kì í wá síbi ayẹyẹ, kò sì bá wọn jiyàn. Ó gbà pé kí wọ́n pe ènìyàn ní agbéraga sàn ju kí wọ́n pè é ní wèrè lọ. Ní pápá Ìgándò nìkan ló ti rú àṣẹ àkọ́kọ́. Èkejì ló fẹ́ rú lónìí.

Ó ti bo ògiri tán, ó ku ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nígbà tí Ọláìtán wọlé. Zikrullah wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọláìtán jẹ́ ènìyàn tí kì í lè wà níbi tó dákẹ́. Bí kò bá sí orin, á sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, á fi ìka lu tábìlì. Ó yí yàrá náà po, ó ń fi ọwọ́ tẹ fóòmù.

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ó wí. “Ẹ ti sọ ṣọ́ọ̀bù di bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu-Abẹ, wá fọwọ́ kàn án. Tí o bá ṣubú níbí, ṣe ni wàá kàn sùn lọ.”

Zikrullah kò fọwọ́ kan fóòmù. Ó ti rí ẹni tó ń kàn án. Ó dúró díẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

Mà ni wọ́n ń pe obìnrin tí wọn kò mọ ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Nusaibah yọ ìṣó lẹ́nu, ó ní o ṣeun, ó sì dá ìṣó padà sáàárín ètè. Ọláìtán kò fura sí nǹkan kan.

Nusaibah sọ fún un pé ilẹ̀kùn ló kù, pé kò ní pẹ́, pé òun sì ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí òun fẹ́ bá olórin yìí sọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ọláìtán gbọ́ ti ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ti ọ̀rọ̀. Ó ti ń tẹ bọ́tìnnì. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí Alhaji yóò máa gbọ́ lókè.

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jáde,” ni Nusaibah wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Orin ò ní bù yín jẹ.”

Ó bù ú jẹ. Ìlù àkọ́kọ́ ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé kí etí rẹ̀ tó mọ̀ pé ó dé. Èkejì tẹ̀ lé e kí àkọ́kọ́ tó kúrò. Fóòmù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri ti gbé gbogbo ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ mì, ó wá ku èyí tó wúwo nìkan, ó wà níhòòhò láàárín yàrá. Iná orí àjà mọ́lẹ̀ sí i. Òórùn gọ́ọ̀mù dìde. Ó dojú kọ ilẹ̀kùn, ó gbé ìṣó sórí pákó, ó gbá a. Ìṣó náà tẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì.

“Ẹ wò ó,” ni Ọláìtán pariwo, tó ń mi orí. “Ẹ̀gbọ́n náà ti ń gbá ìṣó sí bíìtì.”

Nusaibah fa ìṣó tó tẹ̀ yọ, ó gbé e sílẹ̀, ó fi òòlù nà án, ó tún un lò. Omi jáde lójú rẹ̀, ó fi èjìká nù ún. Ó lọ bá Zikrullah, ó la ẹnu. Zikrullah fi ìka kan etí ara rẹ̀, ó mi orí, èyíinì ni pé òun kò gbọ́, ó sì kọjú sí ògiri. Kì í ṣe irọ́. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnikejì ń sọ nínú yàrá náà.

Ọláìtán tún gbé ìlù náà sókè díẹ̀. Ó juwọ́ sí wọn pé òun ń lọ bi Alhaji ní ohun tó ń gbọ́, ó sì gba àtẹ̀gùn lọ.

Ó wá ku àwọn ọmọ Àjíṣafẹ́ méjì pẹ̀lú ìlù. Zikrullah kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé máìkì sẹ́nu, ó ń fi orin náà dán ẹnu wò. Ohùn rẹ̀ dára. Èyí ni Nusaibah kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà. Ohùn náà ń yọ lórí ìlù bí ẹni tó ń rìn lórí omi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń gba àárín òwú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ léraléra:

“Àjíṣafẹ́ ọkọ pákó,
Ó fún pákó lẹ́sẹ̀, pákó dúró,
Ó fún pákó lápá, pákó gbé ọba.
Àjíṣafẹ́ tó ń kí pákó kó tó lù ú,
Ó bí Zikrullah, ẹnu rẹ̀ ni abẹ.”

Nusaibah gbé òòlù sílẹ̀. Ó rìn lọ síbi tí wáyà ti wọ ara ògiri, ó sì fà á yọ.

Ìdákẹ́jẹ́ tó bọ́ sínú yàrá náà wúwo. Fóòmù kò jẹ́ kí ó ní ìró. Zikrullah yípadà.

“Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀,” ni ó wí. Kò gbé ohùn sókè. “Ní Ìgándò, ẹ sá. Níbí, ẹ pa á. Tí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́ oríkì bàbá yín, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló bí.”

“Ta ló sọ fún ọ pé bàbá ń kí pákó?”

Ìbéèrè náà kò bá a lára mu. Ó retí ẹ̀bẹ̀ tàbí ìbínú.

“Mo fojú ara mi rí i,” ni ó dáhùn. “Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń jókòó sí. Kí bàbá tó gbá ìṣó, á kọ́kọ́ fi òòlù kan pákó jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí káfíńtà mìíràn ní Ìkòtún tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ wo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlà tó dùn jù nínú orin mi nìyẹn. Ẹ má bà á jẹ́ fún mi.”

“Níbo ni mo máa ń wà nígbà náà?”

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn bàbá, láàárín fóòmù.”

“Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń kí i?”

Zikrullah ronú padà sí àwọn ọdún náà. Ó ń wá nǹkan kan nínú ọkàn, ó sì rí i. Lẹ́yìn ìgbéyàwó Nusaibah, bàbá rẹ̀ kàn ń gbá ìṣó ni, bí àwọn káfíńtà yòókù. Òun gan-an bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò fi kí pákó mọ́, bàbá sì ní kò sí ìdí rẹ̀ mọ́. Ó rò pé ogbó ló ti sọ bàbá di aláìkíni. Ó tiẹ̀ rò pé pákó tí wọ́n ń tà láyé ìsinsìnyí kò tó ohun tí èèyàn ń kí. Kò bi í léèrè mọ́, bàbá náà kò sì ṣàlàyé. Bàbá pàápàá ti gba àṣẹ Mọ̀dínátù pé kí ó má sọ.

Nusaibah ti ọwọ́ bọ abẹ́ híjáàbù, ó yọ òwú etí ọ̀tún, ó yọ ti òsì, ó sì gbé méjèèjì sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

“Kì í ṣe pákó ló ń kí,” ni ó wí. “Èmi ló ń kìlọ̀ fún.”

Ó wá sọ ìyókù. Ó sọ ọ́ ṣókí, bí ẹni ń ka ìwọ̀n àga fún oníbàárà, láìwá àánú. Ó sọ ohun tí ariwo ń ṣe fún un. Ó ní ariwo tí òun bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, òun lè dúró dè é, bí ẹni tó ti di ara mú; èyí tó bá dé láìsọ ló ń bá òun jà. Bàbá wọn ti mọ èyí, ó sì fi í ṣe iṣẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni: á kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, òun á di ara mú, á wá gbá ìṣó. Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fi òun sídìí fóòmù, nítorí pé àárín fóòmù nìkan ni ibi tó dákẹ́ ní Ìkòtún. Ó sọ nípa Ògbómọ̀ṣọ́, àti àṣẹ ìyá wọn. Kò di ẹ̀bi ru ìyá náà. Ó ní ohun tí ìyá mọ̀ nígbà náà ló ṣe.

“Ohùn rẹ kọ́ ni mo sá fún ní Ìgándò,” ni ó wí. “Ìlù yẹn ni. Mo fara dà á títí tó fi kan orúkọ mi. Mo fẹ́ dáhùn. Ara kọ̀.”

Zikrullah wo òwú méjèèjì lórí tábìlì. Ó gbé ọ̀kan, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́.

“Gbogbo ayé ló ń pè yín ní agbéraga,” ni ó wí.

“Mo mọ̀.”

“Èmi náà pè yín bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ ìyẹn náà. Màámi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣòfò.”

Zikrullah rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó. Ó ní kí Nusaibah náà jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀, ó ní iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Zikrullah wá bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí ìlù, láìsí ẹ̀rọ, ní ohùn tí èèyàn fi ń bá ẹni tó wà lódìkejì tábìlì sọ̀rọ̀. Nusaibah dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, ẹsẹ̀ pákó, apá pákó, àga tó gbé ọba. Nígbà tó kan ìlà tó dùn jù, Zikrullah dúró. Ó mi orí, ó gbé e wò lẹ́nu bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó sì yí i padà:

“Àjíṣafẹ́ tó ń kí ọmọ kó tó lu pákó.
Nusaibah, àkọ́bí Àjíṣafẹ́,
Ó jókòó láàárín fóòmù,
Ó gbọ́ ohun tí ayé ò gbọ́.”

Ó wo ojú rẹ̀. Ó bi í bóyá kí òun fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, òun kò sì ní lè purọ́. Ìyá wọn yóò gbọ́. Bí Nusaibah bá fẹ́, òun lè fi orúkọ rẹ̀ nìkan síbẹ̀, kí òun fi ìyókù sílẹ̀.

Nusaibah ro ó. Àṣírí tí wọ́n fi àṣẹ bò mọ́lẹ̀ láti kékeré rẹ̀ ni yóò jáde lẹ́nu Ẹnu-Abẹ, tí yóò wọ inú fóònù àwọn ọlọ́kadà àti àwọn aránṣọ àti àwọn ọmọ iléèwé láti Ìkòtún títí dé Ayọ̀bọ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ọ, kò sì rí èrè kan lórí ìṣọ́ náà ju kí wọ́n máa pe òun ní agbéraga. Òfò ni.

“Tún un kì,” ni ó wí.

Zikrullah tún un kì. Nígbà tó dé orí orúkọ náà, Nusaibah na ẹ̀yìn, ó gbé orí sókè, ó sì dáhùn bí ọmọ ṣe ń dáhùn.

“Mo gbọ́.”

Ẹsẹ̀ Ọláìtán dún lórí àtẹ̀gùn. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Nusaibah.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti parí ayé. Alhaji ní ìlù kọ́kọ́ ń dún lábẹ́ òun, ó wá dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ní fóòmù yín ní agbára.”

“Mo fa wáyà yọ ni,” ni Nusaibah dáhùn.

Ọláìtán wo wáyà. Ó wo Zikrullah. Zikrullah kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” ni Zikrullah wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. “Ọmọ ìyá mi. Mo yẹ kí n ti sọ fún ẹ.”

“Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ ti wà níbí láti ìgbà yìí, o sì ń pè é ní mà?” Ọláìtán jókòó sórí tábìlì. “Ilé yín le o.”

Nusaibah ti òwú padà sí etí, ó sì padà sídìí ilẹ̀kùn. Ó gbá ìṣó tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi aṣọ tó nípọn bo fóòmù náà, ó fa á le, ó kàn án létí yíká. Ó wá sọ fún Ọláìtán pé ohùn èèyàn ni fóòmù ògiri ń mú, kò lè mú ìlù tó wúwo, nítorí pé ilẹ̀ ni ìyẹn ń gbà. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí Alhaji dúpẹ́ fún ohun tí òun kò ṣe. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé gbohùngbohùn méjèèjì tí ìlù ń gbà jáde sókè. Ó ká fóòmù líle sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi pákó lé e, ó ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ọláìtán ṣe bó ṣe wí. Ó béèrè bóyá Alhaji kò ní gbọ́ nǹkan kan báyìí. Nusaibah ní Alhaji yóò gbọ́ díẹ̀, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ó gbá ilẹ̀ yàrá náà. Ìṣó tó já bọ́, ó ṣà á. Ó so ẹnu àpò àjákù, ó sì gbé e lé èjìká.

Zikrullah tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní òun lè dín ìlù náà kù nínú orin, kí ó fúyẹ́, kí Nusaibah lè gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

“Má dín nǹkan kan kù,” ni ó wí. “Iṣẹ́ rẹ ni. Kò sí ẹni tó ń fi òòlù fóòmù gbá ìṣó. Mo ti gbọ́ èyí tó jẹ́ tèmi.”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣáà jẹ́ kí n dé ojú títì kí ó tó bẹ̀rẹ̀.”

Ó fa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn náà wọ àyè rẹ̀ ṣinṣin, kò fi àyè kankan sílẹ̀ létí. Ohùn Ọláìtán tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Ìrun Ásárì ti parí ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Nusaibah dúró níta, ó ń tún okùn àpò so, nígbà tó gbọ́ ọ láti inú: wọ́n fi nǹkan kan pákó ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di ara mú. Kò sí ohun tó tẹ̀ lé e; wọ́n ń dúró dè é. Ó fi òòlù bọ inú àpò, ó sì rìn lọ sí ojú ọ̀nà Ìdímù. Ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ní Ayọ̀bọ̀ ni òun ń lọ, ó gbé àpò lé itan, wọ́n sì lọ.